SÓJÀ TÓ JÀ FÚN ÌLÚ, TA NI YÓÒ TỌ́JÚ ÌFUN RẸ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ afárá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ títì. Ọ̀rọ̀ ìfun ni. Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá wo àìsàn, ṣé kì í ṣe ikú là ń ránṣẹ́ pè yẹn?

Àdúgbò tiwa mọ sójà dáadáa. Báráàkì Arakan wà ní Àpápá. Orúkọ ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti bá àwọn ará Japan jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn ológun ojú omi náà wà ní Àpápá níbẹ̀. Bí sójà bá fẹ̀yìn tì, tó kó ẹrù jáde ní báráàkì, Ajégúnlẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gbà lọ, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé ti mọ níwọ̀n. Nínú wọn la ti rí ẹni tó ja ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. A rí ẹni tó lọ sí Liberia láti 1990, àti ẹni tó kojú Boko Haram ní Ìlà-Oòrùn Àríwá láti 2009. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún, àwọn aláṣẹ a gbé òdòdó síbi ìrántí sójà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó dára. Sójà tí a mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́, tó wà láàyè, tí inú ń run ún mọ́jú?

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Crohn. Dókítà kan ní New York, Burrill Crohn, òun àti àwọn méjì mìíràn ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1932. Ìfun a wú, a sì dégbò. Inú a máa run ẹni, ìgbẹ́ gbuuru kò ní í dá, nígbà mìíràn tòun tẹ̀jẹ̀. Ara a máa rù. Bó bá pẹ́, ìfun lè dí, ó sì lè lu síta lẹ́bàá ihò ìdí. Ó lè lọ fún oṣù díẹ̀, kó tún padà dé. Kì í ràn. Kì í ṣe àsasí, kì í sì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí tí a ń ra agbo fún ní gáréèjì. A kò tíì rí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ rì wà, tí èèyàn á fi lè ṣiṣẹ́ kó sì jẹun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àrùn òyìnbó ni. Lóòótọ́, ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn jù wá lọ, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọsibítù Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní in. A kò sì sọ pé ogun ló fà á. Àwọn dókítà fúnra wọn kò tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ sin ìlú, bó bá ṣàìsàn, ìlú ló yẹ kó tọ́jú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ ìfun, ó sì jọ Crohn bí ìbejì. Oògùn tó ń tẹ Crohn rì máa ń dín agbára ara kù. Bó bá jẹ́ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wà níbẹ̀, ńṣe ni yóò tàn káàkiri ara. Nítorí náà, dókítà gbọ́dọ̀ ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà gba ìdí wọlé, kó wo ìfun, kó gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ ọsibítù ńlá nìyẹn, irú LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ọsibítù ńlá àwọn sójà wà ní Yábàá, ti ológun ojú omi wà ní Ọ̀jọ́. Ẹ wá wo ẹni tó ń yàgbẹ́ ní ìgbà 10 lóòjọ́, tó wọ dáńfó ní Bọ́ndárì, tí tírélà dínà síwájú, tí tírélà dínà sẹ́yìn. Níbo ni yóò ti rí ilé ìyàgbẹ́? Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń jókòó sílé, tí wọ́n ń ra prednisolone ní kẹ́míìsì léraléra láìrí dókítà. Oògùn yẹn ń mú ìrora rọlẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di oúnjẹ, egungun ló ń bà jẹ́, ó sì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ní 1956, Ọ̀gágun Eisenhower, tó ti di Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní àrùn yìí kan náà. Ìfun rẹ̀ dí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Walter Reed, ọsibítù àwọn sójà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó tún wọlé ìbò. Ẹ lè ní Ààrẹ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ìjọba Amẹ́ríkà ní ọsibítù káàkiri fún àwọn tó ti ṣe sójà rí. Wọ́n ń ráhùn níbẹ̀ pé ìlà gùn. Àwọn tiwa kò tíì rí ìlà tí wọn yóò tò sí.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ó dára lórí ìwé. Àmọ́ oògùn tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ètò náà, aláìsàn ni yóò fi owó ara rẹ̀ rà á. Abẹ́rẹ́ infliximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún Crohn ní 1998, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń fà á sí iṣan lẹ́yìn àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Owó pẹ́ńsàn kò lè rà á. Azathioprine kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ní 2023, náírà já wálẹ̀, ilé-iṣẹ́ GSK sì kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ìwé òfin, abala 173, ní kí wọ́n máa yẹ pẹ́ńsàn wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, ó pẹ́ tán. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá 2024, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní láti lọ dènà Ilé-iṣẹ́ Ìnáwó ní Àbújá kí wọ́n tó gbọ́ ohùn wọn.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Abala 17 ìwé òfin ní kí ìjọba rí i pé ìtọ́jú ìlera tó péye wà fún gbogbo ènìyàn. Abala 6 inú ìwé kan náà sì ní ẹnikẹ́ni kò lè tìtorí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Kóòtù kò lè gbà á fún wa. Káàdì ìdìbò ló kù.

Ohun tí a ń béèrè kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní, kí oògùn àìsàn ìfun ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọ inú àkọsílẹ̀ ìbánigbófò. Èkejì, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfun wà ní ọsibítù àwọn sójà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí dókítà ńlá bá ti kọ oògùn tán, kí aláìsàn lè máa gba á lóṣooṣù ní Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù Ajérọ̀mí, nítòsí ilé rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n san pẹ́ńsàn àti àjẹsílẹ̀ lásìkò.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Bí ẹni tó ń wá ìbò bá dé ojúlé yín, ẹ bi í léèrè ohun mẹ́rin wọ̀nyí kí ẹ tó gba ìrẹsì rẹ̀. Ẹ bi àwa náà. Ẹni tí kò bá ní èsì, ẹ jẹ́ kó máa lọ.