Ẹ Yé Fi Awólọ́wọ̀ Pa Ọmọ Tálákà Lẹ́nu Mọ́

Èsì ìdánwò JAMB ọdún 2025 kò tíì délé tán tí wọ́n fi dá ẹjọ́ àwọn ọmọ tó ṣe é. Àwọn tó jókòó fún ìdánwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú wọn ni kò gba máàkì 200 nínú 400. Kíá ni àwọn kan ti ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ náà, fóònù ló gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ohun tí èsì náà ń sọ ni pé ọwọ́ ti ń tẹ èrú ìdánwò. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, fi bọ́ sójú gbogbo ayé, tó ń fi ẹkún sọ pé àṣìṣe ti wà nínú iṣẹ́ àjọ òun: ọmọ 379,997, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, ni ọ̀rọ̀ náà kàn tí wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe.

Àwọn tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ kò tọrọ àforíjì. Ìtàn tí wọ́n máa ń sá sí ni wọ́n tún sá sí. Ẹni bá ń gbọ́ rédíò tàbí tó ń lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ mọ ìtàn náà: ọmọ tó bá fẹ́ kàwé, ìṣẹ́ kì í dí i lọ́wọ́, ẹ ṣáà wo Awólọ́wọ̀ tó ṣẹ́gi tà kó tó kàwé.

Òótọ́ ni pé Awólọ́wọ̀ jìyà. Ọdún 1920 ni bàbá rẹ̀ kú, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 11, ìtọ́jú sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣẹ́gi, ó pọnmi, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kó lè rí owó ilé ìwé san. Ohun tí àwọn apìtàn máa ń fò ni pé ọdún 1944 ló tó gba oyè yunifásítì àkọ́kọ́, ìyẹn nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 35. Ọdún 1946 ló tó di lọ́yà. Bí ìṣẹ́ bá lè dá irú orí bẹ́ẹ̀ dúró fún ọdún gbọọrọ, kí ló máa ṣe fún ọmọ tí orí tirẹ̀ kàn pé bí orí gbogbo ènìyàn? Àwọn ọmọ tó bá a wọ igbó lọ ṣẹ́gi náà ńkọ́? Ta ló mọ orúkọ wọn?

Ohun tó tún burú jù nínú ìtàn yẹn ni pé Awólọ́wọ̀ gan-an kò gbà á gbọ́. Nígbà tí àṣẹ Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí i lọ́wọ́, kò kó àwọn ọmọ jọ kó ní kí wọ́n lọ ṣẹ́gi bí òun ti ṣẹ́gi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ó gba owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́rùn òbí. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn tó nǹkan bí 457,000. Ní ọdún 1955, wọ́n di 811,000 ó lé.

Kí àwọn tó ń pe ọmọ tálákà ní ọ̀lẹ wá dáhùn: àwọn ọmọ tó lé ní 350,000 wọ̀nyẹn, ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ní oṣù Kejìlá, tí wọ́n wá di akíkanjú ní oṣù Kìíní? Orí wọn kò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìfẹ́ ìwé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ lù wọ́n láti òkè. Owó ló wà lẹ́nu ọ̀nà tó dí i, wọ́n gbé owó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì wọlé. Kò sí ìwàásù ìforítì kankan tó tíì kó ìdá mẹ́wàá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ìwé láàárín ọdún kan.

Lónìí, owó ti padà sẹ́nu ọ̀nà, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni. Ọmọ tí ọwọ́ òbí rẹ̀ tẹ́nu á jẹun àárọ̀ kó tó jáde. Olùkọ́ lẹ́sìnnì á wá bá a nílé lálẹ́, iná sólà á sì máa tàn sórí ìwé rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà á ti bá ìyá rẹ̀ dáná láti aago mẹ́rin, á ti kiri díẹ̀, á sì dé ilé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ìṣirò tán. Bó bá délé, ó tún kù díẹ̀ tó máa kiri kílẹ̀ tó ṣú. Bí ojú rẹ̀ kò bá ríran dé pátákó, ó lè tó ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fura, nítorí pé ohun tí wọ́n ti sọ nípa rẹ̀ ni pé kò mọ̀wé. Ìgbà tó bá wá di ọjọ́ JAMB, ọjọ́ náà gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan máòsì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dé ibùdó ìdánwò lọ́dún 2025. Ọmọ tí wọ́n fi mọ́tò bàbá gbé lọ, àti ọmọ tó dúró de ọlọ́kadà nínú òkùnkùn ní ìlú tí kò dé rí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bá lójú ẹ̀rọ.

Ẹ tún wo iye tí fọ́ọ̀mù náà ń jẹ: ₦7,200, tàbí ₦8,700 fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbáradì. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000, ọ̀pọ̀ òbí tí à ń sọ yìí kò sì gba owó oṣù kankan. Àṣìṣe kan ni ọmọ wọn lè ṣe. Ọmọ olówó lè fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n ra fọ́ọ̀mù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin fún un, kí wọ́n sì pe ìforítì rẹ̀ ní àpẹẹrẹ rere. Bí ọmọ tálákà bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kò burú. Ohun tó burú ni pé kì í ṣe òun ló yàn án.

Àwọn tó ń pè é ní ọ̀lẹ á ní tálákà ló ń bímọ púpọ̀. Ọmọ kò bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti pinnu iye tí wọ́n máa bí. Wọ́n á ní ìjọba ti gbé owó yíyá kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 2024. Owó tó dára ni, kò ní èlé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ló wà fún. Kò lè kan ọmọ tó já bọ́ ní kíláàsì kẹfà. Wọ́n á ní ìjọba kò lówó. Oṣù Kìíní ọdún 1956 ni wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri, ọdún kan gbáko lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Owó orí wà lára owó tí wọ́n fi ṣe é. Ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ tí wọ́n bù lé aráàlú wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, nílé Ọlọ́pẹ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà pàdánù ìbò, síbẹ̀ kò pa ètò náà tì.

Níbi tí owó dé báyìí, a kò lè má dárúkọ àṣà kan tó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ilé ìwé aládàáni kéékèèké tí tálákà ń sá lọ nígbà tí ti ìjọba bá sú wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ń jáde jẹ́lésinmi, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ ra aṣọ ìgboyè àti fìlà onígun mẹ́rin, kó san owó fótò, kó san ti kéèkì. Ìyá tó ń ta tòmátì ń lọ yá owó àjọ kí ojú má bàa ti ọmọ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé ọmọ náà wálé nítorí owó ilé ìwé. Ìwà ìkà ni. Ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé ìfẹ́ tí òbí ní sí ọmọ ni òun ń fún bí ọsàn, ó sì yẹ kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fòfin dè é.

Kì í ṣe pé kò sí òfin rárá. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti wà láti ọdún 2004. Ó ní ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ìjọba láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ọdún kẹta girama. Ó ní ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ òbí lè san owó ìtanràn ₦10,000 tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura. Síbẹ̀ owó ẹgbẹ́ òbí ń wọlé, owó ìdánwò ń wọlé, ọmọ ń ru ìgbálẹ̀ àti àga lọ sí kíláàsì. Òfin náà tún ka ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, kíláàsì, àga, àti oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò láti máa bọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta, ₦70 fún ọmọ kan lójúmọ́, tí wọ́n wá sọ di ₦100. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n dá a dúró.

Ní ilé ìwé ìjọba, bí agogo ìsinmi bá lù, àwọn ọmọ kan wà tí kì í yà sídìí olóúnjẹ. Ìdí ẹ̀rọ omi ni wọ́n máa ń lọ. Wọ́n á mu omi yó, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi títí agogo á tún fi lù. Olùkọ́ mọ̀ wọ́n. Ìyá olóúnjẹ náà mọ̀ wọ́n. Oúnjẹ wọn ti wà nínú òfin láti ọdún 2004.