WASU: Ẹgbẹ́ Tí Ó Kọ́kọ́ Wá Ilé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, bí ẹ bá ń ka ìtàn ìjà fún òmìnira, orúkọ Kwame Nkrumah ni ẹ ó tètè bá pàdé. Ta ni ó tẹ́ ẹní tí Nkrumah bá nílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fi di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ WASU? Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ni.

Ẹ̀kọ́ òfin ni ó bá lọ ní 1922. Ní 1924, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ará Áfíríkà. Ṣólàńkẹ́ kò dákẹ́. Ó fi kálàmù dá wọn lóhùn. Ní 7 Oṣù Kẹjọ 1925, òun àti Herbert Bankole-Bright, oníṣègùn ará Sierra Leone, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 21, dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni WASU, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí kò ní gbọ́ “wàásù” nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n sọ ìwé àtìgbàdégbà wọn ní 1926. (Láti èdè Lárúbáwá ni a ti yá wàásù. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tí ó rò pé tiwọn ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀.)

Lójú tèmi, ìwàásù nìkan kọ́ ni ó sọ ẹgbẹ́ náà di ńlá, ilé ni. Láyé ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú a kan ilẹ̀kùn, onílé a ní kò sí yàrá mọ́, yàrá a sì wà níbẹ̀ gbayawu. Marcus Garvey yọ̀ǹda ilé kan fún wọn ní 1928. Láti 1929 sí 1932 ni Ṣólàńkẹ́ ń rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kiri, tí ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba àti aráàlú. Ní 1933, wọ́n ṣí ilé tiwọn ní Camden. Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀pẹ́olú, ni ó ń tọ́jú ibẹ̀; Màmá WASU ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ìjọba gbé ilé tirẹ̀, Aggrey House, kalẹ̀ ní 1934, WASU ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dé ibẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ọgbọ́n àti máa ṣọ́ wọn ni. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ náà padà gba owó ìjọba, àwọn kan sì bú wọn nítorí rẹ̀. Èmi kò bá wọn bú wọn. Ní 1942, pẹ̀lú owó ìjọba náà lọ́wọ́, WASU ṣì kọ̀wé sí ìjọba kan náà pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ṣàkóso ara rẹ̀.

Ṣólàńkẹ́ kú ní 1958, kò fojú rí òmìnira Nàìjíríà. Lónìí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston pọ̀, aṣọ ẹbí wọn sì ń dán. Èwo nínú wọn ni ó ní yàrá kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé lé jáde lálẹ́ òní lè sùn sí?