Ẹ Gbẹ́ Gọ́tà Kí Ẹ Tó Da Ọ̀dà

Àwọn àgbà ló ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni mo bá dé, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ó ti sú mi láti máa dá a sọ nínú yàrá. Ìjòkó ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí bí èèrùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, kò sí ìgbà òjò kan tí n kò gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé, "Ẹ fara balẹ̀, ìjọba ń bọ̀ wá da ọ̀dà." Ọ̀dà, ọ̀dà, ọ̀dà! Bí ẹni pé ọ̀dà ni ọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀dà kọ́ ni ọ̀nà. Gọ́tà ni ọ̀nà. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀nà pẹ́ sí, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá jà. Ibi tí wọn ò bá fẹ́ kó pẹ́, ọ̀dà ni wọ́n fi ń bò wá lójú.

Ọ̀NÀ ETÍ ÒKUN

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó bá mi ká lọ sí Èkó, sí Victoria Island, erékùṣù tí àwọn àlejò ti máa ń gbafẹ́. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ahmadu Bello Way. Ẹ̀gbẹ́ òkun ló gbà, níbi tí Bar Beach wà láyé ọjọ́sí. Ọ̀nà ìran wíwò ni. Nígbà náà, bí ọdún bá dé, tàbí lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, tọmọdé tàgbà a máa lọ gba atẹ́gùn níbẹ̀, wọ́n á gun ẹṣin, wọ́n á jẹ súyà.

Ṣùgbọ́n omi ń bá ọ̀nà náà ṣọ̀tá. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, àwọn Gẹ̀ẹ́sì to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté Èkó, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá lè máa ráyè wọlé. Láti ìgbà náà ni yanrìn tí ìgbì máa ń wọ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn kò ti ráyè kọjá mọ́ dáadáa. Òkun ń kó yanrìn Bar Beach lọ, kò sì sí èyí tó ń dípò rẹ̀. Bí òkun bá ti bínú, á gun orí títì, á ya wọ àgbàlá àwọn olówó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń da yanrìn síbẹ̀, òkun ń gbé e mì. Wọ́n ń tún títì ṣe, òkun ń tú u.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n pinnu pé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ bàjẹ́ mọ́. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà o! Omi ni wọ́n kọ́kọ́ kojú. Wọ́n fi òkúta àti kọnkéré mọ odi dí òkun lọ́nà. Odi tí wọ́n ṣètò fún ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, kìlómítà 8.5 ni. Ìgbà tí omi ti gba àṣẹ ni wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ títì.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn láti ìdí ibẹ̀ gan-an, ọ̀nà etí òkun tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 700 dé Calabar. Kìlómítà 47.47 àkọ́kọ́ nìkan, ₦1.06 tírílíọ̀nù ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba fọwọ́ sí. Bí ẹ bá pín in, ó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà lórí kìlómítà kan ṣoṣo! Kọnkéré olóówo irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n wó ilé ìgbafẹ́ tó wà lójú ọ̀nà náà ní etí òkun Oníru. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu sì ṣí kìlómítà 30 nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀kan nínú ohun tí a ń gbọ́ ni pé yóò mú kí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ pọ̀ sí i.

N kò ṣe ìlara ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà náà tọ́jọ́. Ohun tí mo kàn ń tọ́ka sí ni pé ìmọ̀ wà. Kò sí ẹni tó lè wí fún mi mọ́ pé ní Nàìjíríà yìí, a ò mọ bí a ti í fi odi àti kòtò kọ omi lọ́nà kí a tó ṣe títì.

Ọ̀NÀ TIWA

Ẹ wá bá mi padà sílé. Ọ̀nà tó ti abẹ́ afárá Sàngó wọ Ìjòkó, tó gba Akute lọ já sí Òjòdú Abíọ́dún, kì í ṣe ọ̀nà ìran wíwò. Kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sí òkun. Àwọn tó ń gbà á ni òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí iṣẹ́ òru, ìyá tó ń gbé gàrí àti ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, ọmọ ilé ìwé tó bọ́ bàtà sọ́wọ́, kórópe, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti tírélà tó kó irin àti símẹ́ńtì. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà láàárín 2011 sí 2019 bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà náà. Wọ́n wó ilé, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọ̀nà ńlá ń bọ̀. Wọ́n lo sáà wọn tán, wọ́n lọ, iṣẹ́ kò parí. Ẹni tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní ọ̀nà.

Ládùúgbò tiwa, ẹgbẹ́ onílé ń dá owó lọ́dọọdún. A ń ra yangí, a ń ra àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, àwa fúnra wa ń dí kòtò. Nígbà tó di ọdún ìbò kan, àwọn kan dé pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀dà. Wọn ò gbẹ́ ilẹ̀, wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn ò gbẹ́ gọ́tà. Orí ẹrẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni wọ́n da ọ̀dà lé, ó ń dán bí irun tí wọ́n fi àdí pa. Ṣé ẹ ó gbà mí gbọ́ pé a jó? Àwọn obìnrin wa gbé omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ náà mu. Òjò oṣù Kẹfà àti ìkeje rọ̀ lé e lórí. Kí a tó jẹ iṣu tuntun tán, ọ̀dà ti ń ṣí bí èèpo ara ejò, kòtò sì wá jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní òru ọjọ́ kan nínú ìgbà òjò yẹn, obìnrin kan ń rọbí ládùúgbò. Táksí tó yẹ kó gbé e kò lè gba inú omi kọjá. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí, ẹnìkan wà níwájú, ẹnìkan wà lẹ́yìn, títí wọ́n fi dé Sàngó. Orí ló kó ìyá àti ọmọ yọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé orí ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ gọ́tà?

OHUN TÓ Ń PA Ọ̀NÀ

Ọ̀nà dà bí ilé; ìpìlẹ̀ ló ní, òrùlé ló sì ní. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n á da yangí, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ọ̀dà ń bọ̀. Òrùlé lásán ni ọ̀dà. Bí omi bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítorí pé kò rí ibi gbà, á rin wọ abẹ́ rẹ̀, á sọ yangí di bí ẹ̀bà tí wọ́n da omi sí. Tírélà á dé, á tẹ̀ ẹ́. Omi á ti iyẹ̀pẹ̀ jáde, abẹ́ ọ̀dà á ṣófo. Ọ̀dà á sán, á jìn, ó di kòtò. Ẹni tó bá wá da ọ̀dà tuntun sínú kòtò yẹn, òkú ló ń fi àtíkè kùn lójú.

Ẹrù náà tún ńkọ́? Láàárín ọdún 1958 sí 1960, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe oríṣiríṣi títì, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ẹrù gba orí wọn tọ̀sán-tòru láti mọ ohun tó ń bà wọ́n jẹ́. Wọ́n rí i pé bí ẹrù orí ọ̀pá táyà bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì a máa tó ìlọ́po 16. Ẹ fi ọpọlọ wò ó o. Ọkọ̀ jíìpù tó ń gbé àlejò lọ síbi ìgbafẹ́ kò wọn nǹkan kan fún títì. Tírélà tó kó irin jáde nílé iṣẹ́ ní Ọ̀tà ló ń lọ̀ ọ́ bí ata. Títì wo ló wá yẹ kó nípọn jù? Títì wo ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Ìjòkó gan-an, lẹ́sẹ̀ ilé wa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó, tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Wọ́n gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n to òkúta sábẹ́ irin kí omi lè máa ṣàn jáde. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gbà á fún ohun tó lé ní 120 ọdún. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀nà omi ni wọ́n kọ́kọ́ rò.

ÀWÁWÍ

Mo ti mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní àlejò ló ń mú owó wá, ẹ jẹ́ ká tún ojú ilé ṣe ná. Ó dáa. Ṣé Ọ̀tà kò ní àlejò ni? Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 1999 ní ìjókòó 50,000. Àwọn tó ń lọ sí ibodè Ìdí-Ìrókò ń kọjá lọ́dọ̀ wa. Àti pé owó tí a fẹ́ fi gbàlejò, ibo la ti ń pa á? Ṣé kì í ṣe ní ilé iṣẹ́ tí ọ̀nà wọn jìn sí kòtò yìí ni?

Wọ́n á tún ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ti etí òkun, ìpínlẹ̀ ló ni ti Ìjòkó. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta tó gba Sàngó kọjá ńkọ́, tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọdún 2000 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ààrẹ tó ní oko ńlá ní Ọ̀tà ló wà lórí oyè títí di 2007, ó sì lọ láìparí rẹ̀. Títí di òpin ọdún 2003, a ń san owó ibodè lórí ọ̀nà yẹn. Wọ́n wó ibodè náà, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣì ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Toll Gate. A san owó, a rí orúkọ. Ọ̀nà dà?

Àwáwí kẹta kàn wá, n kò sì ní bò ó. Wọ́n ní àwa ará Ìjòkó ló ń da ilẹ̀ sí gọ́tà. Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de òjò kí ẹ tó da pàǹtírí yín sínú àgbàrá, ẹ̀yin àti ọ̀bàyéjẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹgbẹ́ kan náà ni yín. Ẹ jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ká gbá gọ́tà, kó kọ́kọ́ fún wa ní gọ́tà tí a ó gbá.

OHUN TÍ A Ń FẸ́

A ò bẹ̀bẹ̀ fún kọnkéré olóówo irin. Ohun mẹ́rin péré là ń béèrè. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀dà sí ọ̀nà kankan ní agbègbè Ọ̀tà àfi bí gọ́tà bá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ó sì ní odò tó ń já sí; gọ́tà tí kò ní ibi tó já sí, agbada ẹ̀fọn ni. Èkejì, kí wọ́n gbé pátákó sójú ọ̀nà, kí wọ́n kọ iye owó, orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, ní èdè Yorùbá kí ìyá mi lè kà á. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n di apá kan owó náà mú títí òjò ọdún méjì á fi rọ̀ lé e. Òjò kì í gba rìbá, òun ni bíṣọ́ tó yẹ kó fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa wọn ẹrù tírélà kó tó jáde lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń fi ẹrù ìlọ́po méjì jẹ èrè, kó má fi ọ̀nà wa san gbèsè.

Ẹ̀yin ará mi, ìbò kan ò ní ṣàì tún dé. Ọkọ̀ ọ̀dà á tún dé, ìlù á máa dún, oníròyìn á gbé kámẹ́rà. Ẹ má jó mọ́. Ẹ má gbé omi tútù jáde. Ẹ kó jáde tọmọ tìyá, kí ẹ dúró síwájú ọkọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìjà láìta, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Gọ́tà dà?"