Ẹ Yẹ Etí Ọmọ Wò Kí Ẹ Tó Pè É Ní Olódo

Bí sáà bá parí, tí ìwé èsì délé, ọmọ tó ṣe ìkẹyìn mọ ohun tó ń dúró dè é. Tíṣà ti kọ ọ́ pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní olódo, bàbá sì ti nawọ́ sí pàṣán. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá etí ọmọ náà ń gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó bá le lára ìkókó lè ba etí rẹ̀ jẹ́. Etí tó ń ṣọyún lemọ́lemọ́ náà lè máà gbọ́ dáadáa mọ́. Bí etí bá dá, tí ojú náà ríran, ó ku ibòmíràn tí a ó wò. Ọmọ tó ní dyslexia lè pa àlọ́ kó dùn, kó ṣírò owó ọjà láìṣì, síbẹ̀ kí ìwé kíkà di ogun fún un. Kì í ṣe òmùgọ̀. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń so lẹ́tà mọ́ ìró ló yàtọ̀.

Ti ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọmọ ṣe ń bá àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tó sì ń bá wọn ṣe, sábà máa ń yọjú kí ọmọ tó dé ilé ìwé rárá. Ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá, ìyá nàka sí i, ọmọ kò gbójú sókè. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Irú nǹkan báwọ̀nyí ni ìwé àyẹ̀wò M-CHAT-R ń bèèrè lọ́wọ́ òbí ọmọ oṣù 16 sí 30. Ìbéèrè 20 péré ni. Kì í ṣe òun ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ọmọ tó yẹ kí àwọn onímọ̀ yẹ̀ wò fínnífínní ló ń tọ́ka sí.

“Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.” Ohun tí wọ́n ń wí nílé nìyẹn, títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún.

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 fún àwọn àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Láti ọdún 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò kò lè jàǹfààní òfin, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ náà.

Ìwé ìròyìn yìí ń ké sí ìjọba ìpínlẹ̀ gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù 9 àti oṣù 15. Nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ, ó ń kọ ọ́ sí káàdì. Kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta kún un: ṣé ó ń dáhùn orúkọ rẹ̀, ṣé ó ń gbìyànjú àtisọ̀rọ̀, bó bá sì ti pé oṣù 15, ṣé ó ń nàka sí ohun tó fẹ́? Kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sì gbé owó àyẹ̀wò etí.

Ẹ̀yin òbí, bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ má dúró de ìwé èsì. Ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí.