Ìgbàgbọ́ Ha Jẹ́ Ìwà Rere Bí?

Nínú abala wa ti oṣù yìí, a fẹ́ gbé ìbéèrè kan yẹ̀wò tí àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń gbé bọ̀ wá sílé, tí àwa òbí sì máa ń fi ìbínú dá lóhùn. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwà rere? Gbogbo ayé mọ̀ pé òtítọ́ sísọ dára, pé ọ̀làwọ́ dára, pé sùúrù dára. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kàn gba nǹkan gbọ́, kí ló dára níbẹ̀ tí a ó fi máa yìn ín?

A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bá ọmọ tó béèrè irú èyí jà. Ìbéèrè náà ní ìdí.

Ní ọdún 1877, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ W. K. Clifford kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí a wo ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ náà ti gbó, ó yẹ kó lọ fún àtúnṣe. Ọkàn ọkùnrin náà kọ́kọ́ ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ó rántí iye owó tí àtúnṣe yóò gbà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tu ara rẹ̀ nínú pé ọkọ̀ yìí ti lọ ó ti bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ àwọn ìdílé tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ọkọ̀ náà rì sáàárín òkun, òun sì gba owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Clifford ní ọkùnrin náà jẹ̀bi ikú wọn, bó ti wù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ tó, nítorí kò ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tí kò yẹ̀ wò gbọ́.

Ẹ̀yin ará, ṣé a kò mọ irú ọkùnrin yìí ní àdúgbò wa? Ẹ wo onímọ́tò tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, tó lẹ orúkọ Jésù mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀, tó sì kó èrò kún inú rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Èyí kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ahun ni, tó da aṣọ ìgbàgbọ́ bora.

Ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2023, nínú igbó Shakahola ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn agbófinró bẹ̀rẹ̀ sí í hú òkú àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ní a ti kọ́ láti fi ebi pa ara wọn kí wọ́n lè tètè rí Jésù. Òkú tí wọ́n hú jáde lé ní 400, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1978, ó lé ní 900 ènìyàn tó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Jonestown, ní ilẹ̀ Guyana, púpọ̀ nínú wọn nípa májèlé tí Jim Jones, olórí wọn, ní kí wọ́n mu. Ṣé a lè sọ pé àwọn àgbà tó tẹ̀lé irú olórí bẹ́ẹ̀ kò ní ìgbàgbọ́? Rárá o. Bí a bá gbé ìgbàgbọ́ lé òṣùwọ̀n, tiwọn lè wúwo ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ inú gbà pé pípọ̀ ìgbàgbọ́ nìkan kọ́ ló ń sọ ènìyàn di ẹni rere.

Bíbélì pàápàá kò sọ ohun tó yàtọ̀. Jákọ́bù rán wa létí pé àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbà pé Ọlọ́run ń bẹ, síbẹ̀ ẹ̀mí èṣù ni wọ́n. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó ka ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló fi ṣe olórí.

Kí wá ni ìgbàgbọ́? Níwájú Ọlọ́run, ọwọ́ òfìfo ni, tí a nà láti gba ẹ̀bùn. Ta ló ń yin alágbe nítorí pé ó na ọwọ́? Ẹni tó fún un ni à ń yìn. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi gbọ́dọ̀ yangàn, kó máa wo aládùúgbò rẹ̀ tí kì í ṣe onígbàgbọ́ bí ẹni tí kò níwà. Àwa àti ẹ̀yin mọ Mùsùlùmí tó ń san gbèsè lọ́jọ́ tó dá. A sì mọ ọmọ ìjọ tó ń sá pamọ́ bó bá rí olówó rẹ̀ lókèèrè.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìgbàgbọ́ tó jẹ́ ìwà ní tòótọ́. Ní èdè Gíríìkì tí a fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ọ̀rọ̀ kan náà, pistis, ni wọ́n ń lò fún gbígba ẹnìkan gbọ́ àti fún jíjẹ́ olóòótọ́ sí i. Èdè tiwa náà kò kẹ̀rẹ̀: onígbàgbọ́ ti gbà, ó sì ti gbọ́. Bí a bá sì ní ọmọ kan ń gbọ́ràn, a kò sọ pé ó ń fi etí gbọ́ lásán. Ohun tí a rán an ló ń ṣe. Nígbà tí ọkọ bá dúró ti aya rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ kò tíì dé, tí òṣìṣẹ́ kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí ojú ènìyàn kò tó, ìgbàgbọ́ ti di ìṣòótọ́ nìyẹn. Ìwà rere ni, a sì lè yìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan nínú ìtàn àwọn baba wa. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá tí Ọlọ́run ti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Iléṣà ní ọdún 1930, àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti Bìrìtìkó láti bá àwọn ará wa ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn òyìnbó náà ń lo kúnínì fún ibà, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣáájú wa gbà pé ìwòsàn àtọ̀runwá kò nílò oògùn kankan. Wọ́n pínyà, apá kan sì fi orúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943.

A bọ̀wọ̀ fún àwọn baba wọ̀nyí, nítorí ohun tí wọ́n wàásù ni wọ́n fi ara tiwọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther náà, tó ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ó bá wọn rìn lórí odò Ọya ní ọdún 1841, nígbà tí ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó inú ọkọ̀. Ó tún bá wọn lọ ní ọdún 1854, nígbà tí Dókítà Baikie ń fún wọn ní kúnínì déédéé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ibà pa. Èèpo igi ni kúnínì ti wá. Ta ló dá igi náà?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ń sọ yìí. Àwọn kan ń bẹ láàárín wa lónìí tó ti kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dànù nítorí àsọtẹ́lẹ̀, rọpárọsẹ̀ sì lè gbé irú wọn dè láìròtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a tó pe ohun kan ní ìgbàgbọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní, ta ni yóò jìyà bí ó bá já sí òfo? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni, a kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí rẹ̀ dán ìgbàgbọ́ wa wò. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Èkejì, ṣé ó gba ìbéèrè? Àwọn ará Bèríà ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, Bíbélì sì yìn wọ́n. Jésù kò lé Tómásì jáde. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Olórí tó ní kí ẹ má béèrè, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó ń so èso nínú ilé? Ẹ má bi pásítọ̀ léèrè. Ẹ bi ìyàwó yín, ẹ bi ọkọ yín, ẹ bi ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá yín fọṣọ.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí síwájú àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí Olúwa fún wa ní ìgbàgbọ́ tí kò fọ́ ojú, tí ìfẹ́ ń darí, tí àwọn ará ilé wa lè jẹ́rìí sí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.