SSD olówó pọ́ọ́kú: ìyára orí páálí kọ́ ló yẹ ká máa wò

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó wà nínú ilé àwọn ènìyàn ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó, tòkunbọ̀ ni: HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad, tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti lò kí wọ́n tó kó wọn wá síbí. Ara wọn ṣì le. Àmọ́ bí hádì dísíìkì àtijọ́ bá ṣì wà nínú ọ̀kan, ẹni tó ni ín lè tàn án, kó lọ wẹ̀, kó jáde, kó bá Windows tó ṣì ń yí lójú gíláàsì. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wá owó kọ̀ǹpútà tuntun kiri. Owó yẹn kò pọn dandan. Dísíìkì nìkan ló yẹ kó fi SSD pààrọ̀.

Nínú hádì dísíìkì láptọ́ọ̀pù, àwo pẹlẹbẹ kan ló sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí apá tín-ín-rín kan ń sáré kiri lójú rẹ̀ láti wá ibi tí fáìlì wà. Ìsáré kiri yẹn ló ń jẹ àkókò, nítorí nígbà tí Windows bá ń jí, kì í ṣe fáìlì ńlá kan ló ń béèrè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ ni. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí. Inú ṣíìpù NAND, tí Fujio Masuoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Toshiba ní Japan gbé síta ní 1987, ló ń kó àkọsílẹ̀ sí, kò sì sí igun kan tó jìnnà ju òmíràn lọ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó SSD tó rẹlẹ̀ jù lówó fi ń sọ kọ̀ǹpútà ọjọ́ pípẹ́ di ọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ ìyára ló wá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lásán. Páálí irú SSD tí wọ́n ń pè ní SATA á ní 550 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú kejì, NVMe, tó bá ń lo ọ̀nà PCIe 3.0, á ní nǹkan bí 3,500. Ti PCIe 4.0 lè ní 7,000. Ọlọ́jà á na ìka sí èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń gé fídíò ṣe fíìmù á jẹ èrè rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, nítorí ìgbà tí a bá ń ṣe àdàkọ fáìlì gbọọrọ kan ni wọ́n wọn iye yẹn.

Ihò tó wà nínú ẹ̀rọ ló yẹ kí ènìyàn mọ̀ kó tó béèrè iye owó. Láptọ́ọ̀pù tó bá ní àyè hádì dísíìkì onínṣì 2.5 nìkan, SSD SATA onínṣì 2.5 ni yóò gbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Wàhálà wà nídìí M.2, pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 22, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 80. SATA wà nínú rẹ̀, NVMe náà wà, wọ́n sì jọra gan-an, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn ihò kan ń gbà nínú méjèèjì. Kí oníbàárà kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sínú fóònù, kó wo ìwé ìlò rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kó tó wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà Computer Village ní Ìkẹjà.

Ohun tí páálí kì í sábà sọ ló wúwo jù. Yàrá wẹ́wẹ́ ló kún inú NAND. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní TLC, bíìtì mẹ́ta ló ń gbé yàrá kan. Nínú QLC, mẹ́rin ni. Bí wọ́n bá ṣe ń fún mọ́ra tó ni owó ń rẹlẹ̀ tó, ni àkọsílẹ̀ ń falẹ̀ tó, tí yàrá náà sì ń tètè gbó. Samsung fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé SSD QLC rẹ̀, 870 QVO oní 1TB, pé bí ibi tó yára nínú rẹ̀ bá ti kún, ìyára ìkọ̀wé á já sí 80 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá, iye tí hádì dísíìkì dáadáa ń kọjá. Síbẹ̀, kò yẹ kí QLC dẹ́rù ba onílé. Ilé iṣẹ́ náà ṣèlérí 360 TB àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ 20 GB lójoojúmọ́ yóò lò ó fún nǹkan bí ọdún 49 kó tó kọ ìyẹn tán. Bí owó rẹ̀ bá dín ní tòótọ́, kó rà á. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n ta QLC ní iye TLC.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ní 2021, Crucial pààrọ̀ TLC inú SSD rẹ̀ tó ń jẹ́ P2 sí QLC láì yí orúkọ rẹ̀ padà, Western Digital náà sì pààrọ̀ NAND inú SSD rẹ̀, SN550, tí ìyára rẹ̀ já wálẹ̀ nígbà tí ibi tó yára bá kún. Nígbà tí aráyé pariwo ni Western Digital tó ṣèlérí pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ yóò máa gba orúkọ tuntun. Irú ìwà yìí kò yẹ láti fojú fò. Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, àjọ FCCPC ló sì ń mú un ṣẹ. Ó yẹ kí àjọ náà sọ ọ́ di dandan pé kí irú NAND, iye TB tí a lè kọ àti ọdún wáráńtì hàn gbangba lára páálí.

Ti àyédèrú tún burú jù. Ní 2022, olùwádìí kan tú "SSD 30TB" olówó pọ́ọ́kú, ó sì bá káàdì microSD kékeré méjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́nú. Irú rẹ̀ á purọ́ fún Windows pé àyè wà, á sì máa kọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Láti dá a mọ̀, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ń kọ̀wé kún dísíìkì pátápátá kó tó kà á padà. Ètò mìíràn, CrystalDiskInfo, sì ń fi wákàtí tí dísíìkì ti ṣiṣẹ́ hàn. "Tuntun" tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún wákàtí kì í ṣe tuntun. Àmọ́ bí 500 GB bá fi 465 hàn nínú Windows, kì í ṣe jìbìtì: ọ̀nà ìkà Windows ló yàtọ̀ sí ti páálí.

Fún ọ̀pọ̀ ilé, SATA 480 tàbí 500 GB láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí a mọ̀, pẹ̀lú rìsíìtì àti wáráńtì ọdún mẹ́ta ó kéré tán, ti tó. 240 GB á tètè kún. Bí owó bá ṣẹ́kù, kó bọ́ sí RAM bí ẹ̀rọ náà bá ṣì wà lórí 4 GB. Hádì dísíìkì tí wọ́n yọ, kó wọ kéèsì USB, kí àwòrán àti ìwé ẹ̀rí gbogbo ilé ní ẹ̀dà kejì níbẹ̀, nítorí SSD lè kú lọ́jọ́ kan láì kọ́kọ́ pariwo, fáìlì tí a bá sì ti pa rẹ́ lórí rẹ̀ kì í sábà ṣeé gbà padà.