Ẹ Má Sáré Kọjá ní Salvador
Ẹni tó bá san owó fún afinimọ̀nà láti mú un yí Salvador ká lọ́jọ́ kan yóò rí ohun tó pọ̀: ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda tó ń gbé èèyàn láti etíkun lọ sókè ìlú láti 1873, ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco tí wúrà bo inú rẹ̀, àti àkàrà gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Salvador ni olú-ìlú Bràsíìlì láti 1549 títí di 1763. Ṣùgbọ́n gbàgede Pelourinho tí àlejò ti ń ya fọ́tò ni wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, nígbà tí ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagô, kún ìlú náà fọ́fọ́. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú 25 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1835, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn gbé idà, wọ́n bá ìjọba jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilé kan ní Ladeira da Praça ni ìjà náà ti bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba pa lára àwọn tó jà, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Lójú tèmi, ìtàn yìí ju gbogbo wúrà ṣọ́ọ̀ṣì lọ, gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu afinimọ̀nà kò sì tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi afinimọ̀nà yín bóyá yóò mú yín dé Ladeira da Praça. Bó bá ní kò sáyè, ẹ wá ẹlòmíràn.